Òróró ólífì: bí a ṣe ń mọ èyí tí agbára rẹ̀ ṣì pé, àti bí a ṣe ń lò ó kó má baà ṣòfò

Oríṣi òróró ólífì mẹ́ta la sábà máa ń rí rà ní Adó-Èkìtì. Ọ̀kan wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà. Ọ̀kan wà ní kẹ́mísì, èyí tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń rà fún ìpara. Ẹ̀kẹta wà lórí pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró ẹ̀pà àti ti sóyà. Orúkọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta nìkan ló kan ìkòkò ọbẹ̀, kódà nínú òun náà, kì í ṣe gbogbo wọn ló tó owó tí wọ́n ń pè é.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ àdúrà rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, wọ́n sì máa ń po lọ́fínńdà mọ́ òmíràn. Ti kẹ́mísì, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí i lára pé ìpara ni, ìpara náà ni. Ẹ má sì kán òróró kankan sí ọmọ ọwọ́ nímú tàbí lọ́fun nítorí ọ̀fìnkìn: bó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè di òtútù àyà.

Ohun tí a ń sanwó lé lórí

Bó bá jẹ́ ti ọ̀rá nìkan ni, òróró ólífì kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 14, ń fún ara ní kálórì bíi 120. Ti epo pupa àti òróró ẹ̀pà náà kò jìnnà síyẹn. Ìyàtọ̀ kìíní wà nínú irú ọ̀rá tó jẹ́: láti 55 dé 83 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni oleic acid, ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí kọ̀lẹ́sítérọ́ọ̀lù burúkú gùn sókè nínú ẹ̀jẹ̀ bí ọ̀rá tó ń dì ṣe máa ń ṣe. Epo pupa, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá tó ń dì.

Ìyàtọ̀ kejì ló mú kí owó rẹ̀ ga: àwọn àǹtíọ́sídáǹtì, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá tètè bàjẹ́, tó tinú èso ólífì wá, tí wọ́n ń pè ní polyphenol. Hydroxytyrosol wà lára wọn. Oleocanthal náà wà ńbẹ̀, òun ló ń ta ni lọ́fun bí ata.

Ẹni tó bá ti gbàgbé epo sínú abọ́ tí kò ní ìdérí, tó padà bá a tó ti kan, ti fojú rí ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lára ọ̀rá. Irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wa náà. Kọ̀lẹ́sítérọ́ọ̀lù tó bá ti bàjẹ́ báyẹn ló ń tètè lẹ̀ mọ́ ara iṣan, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í há. Polyphenol ń ṣíwájú gba ìbàjẹ́ náà sára kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rá. Ní ọdún 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà kí àwọn olóróró kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ìgò, ṣùgbọ́n wọ́n fi òṣùwọ̀n sí i: gíráàmù 20 òróró gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, mílígíráàmù 5 hydroxytyrosol àti àwọn tó bá a tan. Gíráàmù 20 yìí, ìyẹn ṣíbí ìjẹun kan àti àbọ̀, sì ni ẹni tó fẹ́ àǹfààní náà gbọ́dọ̀ máa jẹ lójúmọ́. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 250 mg nínú kílò kan ni. Ìgò tó bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ síta báyìí lọ́rọ̀ láti sọ. Ọ̀pọ̀ kì í gbé nọ́ńbà kankan jáde.

Ní Spéìnì, àwọn oníṣègùn tọ́pa àwọn ènìyàn tó lé ní 7,400, ẹni ọdún 55 sí 80, tí ewu àrùn ọkàn wà lórí wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n fà á padà nítorí àléébù tó wà nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn náà sí ọ̀wọ́, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 2018. Àrùn ọkàn òjijì, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ti ibẹ̀ wá fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín àwọn tó jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, èso àti ẹja pẹ̀lú òróró ólífì extra virgin, èyí tí wọn kò fi kẹ́míkà fọ̀. Oúnjẹ lódindi ni wọ́n yí padà. Òróró nìkan kọ́.

Ibẹ̀ ni àṣà àwọn tó ń gbé ṣíbí òróró ólífì kan mì láàárọ̀ kùtù ti ń kùnà. Ẹni tó gbé ṣíbí kan mì, tó sì tún lọ jẹ ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́, kálórì 120 ló fi kún ti tẹ́lẹ̀. Ikùn ni yóò fi hàn. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní 2018 pé ṣíbí kan àti àbọ̀ òróró tó ní oleic acid púpọ̀ lójúmọ́ lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí a bá fi pààrọ̀ ọ̀rá tó ń dì, tí kálórì ọjọ́ náà kò sì ga sí i. Pípààrọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó sì ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni, ì báà jẹ́ ní Ìdó, ì báà jẹ́ ní Adó, kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Òróró kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oògùn.

Èyí kò sọ pé kí a wá kọ epo pupa sílẹ̀ o. Kàrótíìnì tó mú un pupa, èyí tí ara ń sọ di fítámì A, kò sí nínú òróró ólífì tó ohun tí a ń kà. Ẹni tó ń yan epo lórí iná títí ó fi funfun ló ń pa á dànù fúnra rẹ̀.

Kíka ara ìgò

Òróró tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n kọ "Extra virgin olive oil" sí lára gbangba. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fi fún un jáde lára èso, kò sí kẹ́míkà níbẹ̀, ásíìdì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn atọ́wò tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ rí àléébù kankan nínú òórùn àti adùn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 0.2 tàbí 0.3 sí i, ó dára, ó fi hàn pé èso náà kò tíì bàjẹ́ kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà yìí nìkan má tàn yín: òróró tí wọ́n fi kẹ́míkà àti ooru fọ̀ náà kì í ju 0.3 lọ, nítorí wọ́n ti fọ ásíìdì rẹ̀ dànù pẹ̀lú àǹtíọ́sídáǹtì.

Òróró fífọ̀ yẹn ló kún inú ìgò tí wọ́n kọ "Olive oil" lásán, tàbí "Pure", tàbí "Classic" sí. Wọ́n á bu extra virgin tàbí virgin díẹ̀ lé e lórí kó lè ní àwọ̀ àti òórùn. Kò léwu, ọ̀rá rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ólífì, àmọ́ polyphenol inú rẹ̀ kò tó nǹkan. "Light" tàbí "Extra light" burú jù nínú ìtànjẹ: àwọ̀ àti adùn ló fúyẹ́, ọ̀rá inú rẹ̀ kò fi ẹyọ kan dín. Ẹni tó ń rà á kí ó lè rù ti fowó ṣòfò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni "Pomace": hàhá tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún ólífì tán ni wọ́n fi kẹ́míkà wẹ̀, kí wọ́n tó tún un fọ̀. Bí ẹ bá rí ìgò ńlá tí owó rẹ̀ rọjú, ẹ yí i padà, ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà rẹ̀ kì í sábà tóbi.

Ẹ tún ka ibi tí wọ́n to èròjà sí. Àwọn kan ya igi ólífì sí iwájú ìgò, tí ẹ̀yìn á wá sọ pé òróró sunflower tàbí sóyà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Àwa la ò yí ìgò padà.

Ọjọ́ ló kàn, òun ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa, torí pé àǹtíọ́sídáǹtì inú òróró kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ló ti ń dín. Òróró ólífì kò dà bí ọtí tó ń dára sí i bó ṣe ń pẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ ìkórè, ìyẹn "Harvest", ẹ máa fi ìyẹn ṣe àkọ́kọ́. Ní Spéìnì, Ítálì, Gíríìsì àti Tùnísíà, Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kìíní ni ìkórè sábà máa ń bọ́ sí. Ti South Africa máa ń wọ àárín ọdún. Ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn ìkórè ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ìgò, "Best before" nìkan ni wọ́n kọ. Ìyẹn máa ń jẹ́ oṣù méjìdínlógún sí ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, kì í ṣe lẹ́yìn ìkórè, ó sì lè ti jókòó sínú àgbá fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọ ìgò. Nítorí náà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n wá gé owó rẹ̀ lulẹ̀, kò lè pa yín lára, àmọ́ ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á ti lọ púpọ̀.

"Bottled in Italy" kò túmọ̀ sí pé Ítálì ni ólífì náà ti hù. Ó lè jẹ́ àdàpọ̀ ti Spéìnì, Gíríìsì àti Tùnísíà tí wọ́n kó wá rọ síbẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, Spéìnì ló ń ṣe é jù láyé. Ẹ kàn má sanwó orúkọ ìlú. Bí wọ́n bá dárúkọ irú ólífì rẹ̀, Picual, Koroneiki àti Coratina ni polyphenol máa ń pọ̀ nínú wọn. Arbequina tutù lẹ́nu, kì í sì í ta ni púpọ̀.

Ìgò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kó dúdú, kó jẹ́ àwọ̀ ewé tó ki, tàbí kó jẹ́ agolo. Ìmọ́lẹ̀ ń bá àwọ̀ ewé inú òróró ṣiṣẹ́, ó sì ń mú kó yára kan. Ike funfun tó mọ́ gaara, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà tò ó sí: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ojú títì ní Ajílósùn àti Básírì ló ní gíláàsì níwájú, oòrùn ọ̀sán Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta á sì máa kọ lu pẹpẹ iwájú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, kí ẹ mú èyí tó fara pamọ́. Ẹ fọwọ́ kan ìgò náà. Bó bá gbóná, ẹ wá ibòmíràn. Ìgò 250 ml tàbí 500 ml tó ìdílé kékeré. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún dà bí èrè lójú, ṣùgbọ́n kó tó tán ó ti kan.

Nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìṣù ("Batch number") tí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi bírò kọ. Ìdè orí ìdérí kò gbọ́dọ̀ tíì já. Ní ti owó, nǹkan bíi kílò márùn-ún èso ló ń wọ lítà kan. Extra virgin tí owó rẹ̀ kò ju ti òróró sóyà lọ, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí èrè ẹni tó tà á ti wá.

Ẹnu ni òṣùwọ̀n tó kù

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sí fìríìjì, pé bó bá dì, ojúlówó ni. Ìyẹn kò dá ohunkóhun mọ̀: ojúlówó mìíràn kì í tètè dì, àdàlù sì lè dì. Àwọn kan á ní kí ẹ fi òwú tan iná sí i. Òróró wo ni kì í jó? Àwọ̀ ewé náà kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn atọ́wò gan-an máa ń lo ife aláwọ̀ búlúù kí àwọ̀ òróró má baà tàn wọ́n.

Ẹ da ṣíbí ìjẹun kan sínú ife kékeré. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé ìdí rẹ̀, kí ẹ fi èkejì bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ooru ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ lójú kan náà. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ewé tòmátò, tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni ẹ ń wá. Bó bá ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú àpò, ó ti kan. Bí ọtí kíkan, èso náà ti ń hó kí wọ́n tó fún un. Bí ilẹ̀ tútù tàbí aṣọ tí kò gbẹ, èbu ti wọ èso náà. Bí kò bá rùn rárá, fífọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mu díẹ̀, ẹ pa eyín pọ̀, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ gba àárín eyín wọlé, kó pariwo, kí òróró náà lè tàn dé gbogbo ẹnu. Ẹ gbé e mì, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ó yẹ kó kọ́kọ́ korò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún, yóò ta yín lọ́fun, ó lè mú yín húkọ́. Oleocanthal nìyẹn. Ní 2005 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ó ń dí ọ̀nà kan náà tí oògùn ibuprofen ń dí nínú ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tó wà nínú ṣíbí kan kéré gan-an sí ti oògùn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi òróró mú. Wọ́n á ra èyí tó dára, á ta wọ́n lọ́fun, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì gbé èyí tó rọra ń yọ̀ lọ tí kò korò tí kò ta. Ẹni tó lè jẹ ewúro kò yẹ kó sá fún ìkorò yìí. Polyphenol ló korò bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé ìdáná

Ibi tí òróró yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni lórí oúnjẹ tó ti jinná. Ẹ̀fọ́ rírò tí à ń fi jẹyán, fún ẹni mẹ́rin: dípò ìdajì ife epo pupa, ẹ fi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta epo ro ó. Bí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ wọ́n ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta òróró ólífì sí i, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú méjì. Epo ti fún un ní àwọ̀ àti adùn tí ẹnu mọ̀, òróró ólífì ti mú àǹtíọ́sídáǹtì wá láìrí iná, ọ̀rá inú ọbẹ̀ sì ti dín. Ọ̀rá yìí náà ló ń bá ara gba kàrótíìnì inú ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, àti èyí tó mú tòmátò pupa. Ẹ̀fọ́ tí kò ní ọ̀rá kankan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá lọ ni.

Iṣu sísè náà gbà á: ẹ gún ata àti àlùbọ́sà díẹ̀, ẹ fún ọ̀sàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí kan òróró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ ráńpẹ́. Ẹ̀wà sísè bákan náà. Ṣíbí méjì lójúmọ́ fún àgbàlagbà ti tó.

Wọ́n máa ń sọ pé òróró ólífì di májèlé bó bá kan iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Extra virgin kì í sábà rú èéfín títí ooru á fi tó nǹkan bí 190 sí 210 lórí òṣùwọ̀n Celsius, dídín dòdò kì í sì í sábà ju 170 sí 190 lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé polyphenol ń jóná lọ díẹ̀díẹ̀, owó yín sì ń bá a lọ. Òróró ẹ̀pà ni kí ẹ fi dín àkàrà. Bó bá jẹ́ ata dídín tàbí ẹyin, iná àárín ni: ẹ ju ègé àlùbọ́sà kan sí i, bó bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tó, bí èéfín bá ti ń rú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ da á nù. Lórí iná igi àti èédú, ooru ṣòroó ṣàkóso, nítorí náà ẹ má kúrò nídìí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rẹ ááyù tútù tàbí ata tútù sínú òróró kí ẹ gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì. Kòkòrò botulism ń gbèrú níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, májèlé rẹ̀ sì lè pànìyàn láìní òórùn kankan. Fìríìjì ló lè dá a dúró, iná ilé wa kò sì ṣeé gbára lé fún irú ìyẹn. Ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ pò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i

Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí sítóòfù ni kó wà, kì í ṣe ojú fèrèsé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ gáàsì. Ẹ dé e gírígírí ní gbogbo ìgbà. Ẹ má dà á sínú ike omi funfun kó lè rọrùn láti lò. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bó bá ṣú tàbí tó dì nínú fìríìjì, kò bàjẹ́. Bí ẹ bá gbé e síta, á tún mọ́.

Bó bá ti ń rùn bí ẹ̀pà àtijọ́, ó ti kúrò ní oúnjẹ. Ẹ fi pa àdá kó má dípẹtà, tàbí ẹ kán an sí ìdè ilẹ̀kùn tó ń han. Bó bá wá jẹ́ pé ìdè ìdérí ti já kí ẹ tó ṣí i, tàbí òróró inú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ má dà á nù: ẹ tọ́jú ìgò àti rìsíìtì, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìṣù rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Adó. Ìgò òfìfo náà, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò tàbí kí ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó jù ú síta, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣa ìgò lórí ààtàn ló ń lọ fi rọ epo pupa.